Sí Àṣàkẹ́ Ọmọ Mi, Tó Fẹ́ Di Alágbàtà Ilé

Ìsàlẹ̀ Ọjà,
Èrúwà.

Fọlákẹ́ mi, Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tí mo pọ̀n tí ẹ̀yìn kò ro mí,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ilé tuntun tí ẹ kó sí n'Íbàdàn. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi wọ̀ ọ́ á jẹ́ ẹsẹ̀ ire. Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ ọjà, nígbà tí èrò kún ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí oníbàárà tó ń yẹ páànù wò máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ, mo jókòó sórí àpótí ìṣó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé, "Màámi, mo fẹ́ máa bá àwọn èèyàn wá ilé àti ilẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lówó tí mo lè fi ra èyíkéyìí, ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe?" ẹ̀rín bú lẹ́nu mi débi pé bàbá rẹ sọ òòlù sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó sáré wá.

"Kí ló dé? Ṣé Fọlákẹ́ ti lóyún ni?"

"Oyún kọ́," ni mo wí. "Iṣẹ́ tí mo ṣe n'Ígbó-Ọrà lòun náà fẹ́ ṣe."

Bàbá rẹ fọwọ́ lérí. "Áà! Ohun tí ewúrẹ́ bá jẹ lọ́mọ rẹ̀ ń jẹ. Kọ̀wé sí i o. Sọ ti Bàbá Ràfíù fún un, má fi èyíkéyìí bò."

Nítorí náà ni mo ṣe mú gègé. Bí o bá gbé ọbẹ̀ kaná, sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó má baà jóná, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ pọ̀, mi ò sì ní í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ṣeé ṣe, ọmọ mi. Ẹnì kan nílé tó fẹ́ tà, kò mọ ẹni tí yóò rà á. Ẹlòmíràn ń wá ilé káàkiri, kò mọ ẹni tó ń tà. Ìwọ ni wàá dúró láàárín. Wàá lọ bá ẹni tó ń tà, ẹ óò fohùn ṣọ̀kan lórí iye kan, wàá fún un ní àsansílẹ̀ kékeré, ẹ óò sì kọ ọ́ sínú ìwé pé títí di ìgbà báyìí, ìwọ tàbí ẹni tí o bá mú wá ni yóò ra ilé náà, kò gbọdọ̀ tà á fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, wàá wá ẹni tó fẹ́ ẹ, tí yóò san díẹ̀ lé e. Wàá fa ìwé lé e lọ́wọ́, yóò san ti onílé fún onílé, yóò san tìrẹ fún ọ. O kò kọ́lé, o kò ra ilé, ṣùgbọ́n o ti mú àwọn méjì tí wọn kò mọ ara wọn pàdé. Ibẹ̀ ni èrè rẹ wà.

Bó ti rọrùn lẹ́nu nìyẹn. Wàyí o, gbọ́ bó ṣe rí lọ́wọ́.

O kò lè rántí, nítorí etí ìró mi lo ṣì ń dì mú rìn nígbà náà. Pọ́n-ùn là ń ná. Ìgbó-Ọrà là ń gbé, bàbá rẹ ń kan òrùlé fáwọn tó ń kọ́lé, èmi sì ń ta páànù àti ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Ìdèrè. Ẹni tó bá ń ta páànù, kò sí ọ̀rọ̀ ilé tí kì í gbọ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò, ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ilé dé ojú fèrèsé, ẹni tí ìyàwó méjì kò jẹ́ kó sùn tó fẹ́ la pálọ̀ sí méjì, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń gbà kọjá.

Tíṣà Adéoyè wà lára wọn. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé ìjọ, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. Kí àwọn yẹn tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa, ó tún bí ìbejì. Táyé méjì, Kẹ́yìndé méjì, nínú yàrá kan àti pálọ̀ tóóró tí wọ́n háyà. Ọjọ́ kan ló wá ra páànù kan péré tó fẹ́ fi bo ibi tí wọ́n ti ń dáná.

"Ìyá Fọlákẹ́," ó ní, "bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ń ta ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè pè mí. Onílé wa ní yàrá tọkọtaya lòun háyà fún mi, òun kò mọ̀ pé ilé ìwé ni mo fẹ́ dá sílẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mo ti gbọ́. Mo béèrè ohun tó fẹ́: yàrá mélòó, ṣé kí ó jìnnà sí ilé ìwé, ṣé owó rẹ̀ ti wà nílẹ̀ àbí ó ṣì ń tu ú jọ. Ó dá mi lóhùn gbogbo rẹ̀. Ọmọ mi, bóyá nǹkan ọlọ́gbọ́n kan ṣoṣo tí mo ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, n kò sì mọ̀ pé ọgbọ́n ni. Èkíní nìyẹn o: mọ ẹni tó fẹ́ rà kí o tó wá ohun tí o fẹ́ tà. Bí o bá sáré fi owó de ilé mọ́lẹ̀ láìní ẹni tó ń wá irú rẹ̀, ọrùn rẹ ni ilé náà yóò dì mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí Bàbá Ràfíù fi yà ní ṣọ́ọ̀bù. Àgbẹ̀ ni, aya rẹ̀ ti ṣaláìsí, Ràfíù ọmọ rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Abẹ́òkúta ló ń pè é pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Kò jókòó, ó kàn nawọ́ fọwọ́ kan páànù tó wà lórí.

"Ìyàwó, èló ni wàá fún mi lórí páànù tí wọ́n ti lò?"

"Páànù wo ni, Bàbá?"

"Ti orí ilé mi. Mo fẹ́ ṣí i."

"Ilé tí ẹ ń gbé?"

"Ilé tí mò ń gbé. Bí mo bá ti lọ sí Abẹ́òkúta, kí ni òrùlé ọ̀hún tún fẹ́ máa bò?"

Fọlákẹ́, mo rí Tíṣà àtàwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má ṣí fìlà ilé yín lórí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín tà á tòun ti fìlà rẹ̀."

Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ ra ilé àgbà?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

A sọ iye tó fẹ́, kò le. Lọ́jọ́ kejì mo sáré lọ wo ilé náà. Mo ní mo lọ wò ó. Ojú títì ni mo dúró sí. Mo rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ, mo rí òpó tí wọ́n kùn lẹ́fun, mo gbójú sókè wo páànù, nítorí páànù ni mo mọ̀. Bàbá Ràfíù ní, "Wọlé kí o wo ẹ̀yìn." Mo ní, "Rárá o, Bàbá, èyí tí mo rí ti tó." Mo mú owó tí bàbá rẹ ní kí n fi kó ìṣó wá láti Abẹ́òkúta, mo fi san àsansílẹ̀. Akọ̀wé kan bá wa kọ ìwé, Bàbá Ràfíù tẹ̀ka, mo fọwọ́ sí i. Ijó ni mo ń jó lọ sílé. Bí o bá rí mi lọ́jọ́ náà, wàá rò pé èmi ni mo ni gbogbo Ìgbó-Ọrà.

Ní Sátidé, mo mú Tíṣà lọ wo ilé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dùn mọ́ ọn. Pálọ̀ dùn mọ́ ọn. Ó fi ẹsẹ̀ wọn yàrá kan, ó ní, "Táyé àgbà àti Kẹ́yìndé àgbà á wà níhìn-ín." A dé yàrá ẹ̀yìn tó ṣí sí àgbàlá. Mo ti ilẹ̀kùn, ẹnì kan sì dáhùn pé:

"Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé àlejò àbúrò mi ni yín?"

Ìyá àgbàlagbà kan ló jókòó sórí ẹní, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Mo dọ̀bálẹ̀ ni àbí mo kúnlẹ̀, n kò mọ̀ mọ́. Tíṣà ló kí i, ó sì fi inú kan sọ pé òun wá wo ilé tóun fẹ́ rà ni.

"Ilé wo?" ni ìyá náà béèrè.

"Ilé yìí, Màmá."

Ó gbé igbá sílẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ìyá Rámọ́tà ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀gbọ́n ẹni tó ń tà á fún yín ni mí. Bàbá tó bí wa ló fún mi ní yàrá yìí nígbà tí mo di opó. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n ti tà mí mọ́ ilé."

Ó mú igbá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí lọ.

Nígbà tá a jáde, Tíṣà kò bínú, ṣùgbọ́n ó ti yí fìlà rẹ̀ padà lórí bí ẹni tó ń lọ. "Ìyá Fọlákẹ́, ilé ni mo ní kí ẹ bá mi wá. Ẹ ò gbọ́ lẹ́nu mi pé ẹjọ́ ni mò ń wá."

Mo dé ilé, mo sọ fún bàbá rẹ. Ó ń rẹ́rìn-ín, èyí ló sì dùn mí jù. "Ẹnu lo rà," ó ní, "o ò tíì ra ilé." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́, nítorí ó ní òrùlé kan tó fẹ́ kàn lọ́jọ́ Ajé, ìṣó kò sì sí. Ṣé o mọ ohun tó ṣe? Ó kó gbogbo ìṣó àlòkù tó wọ́ jọ, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí òkúta. Kó, kó, kó. Kò sọ̀rọ̀ burúkú kan sí mi. Bí ó bá sọ ọ́, ì bá sàn. Gbogbo ìró òòlù yẹn, àyà mi ló ń bá.

Mo bá gba oko lọ bá Bàbá Ràfíù. Mo ní, "Bàbá, ẹ kò sọ fún mi pé Màmá wà níbẹ̀."

Ó ní, "Ìwọ lo ní o kò fẹ́ wo ẹ̀yìn."

Òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ó fi ohùn rẹlẹ̀ sọ pé, "Mo ti fẹ́ sọ fún wọn láti bí oṣù mélòó kan. Bí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà wọn, ẹnu mi á di. Ẹ̀gbọ́n mi ni, wọ́n pọ̀n mí."

Mo béèrè àsansílẹ̀ mi. Ó nawọ́ sí inú ahéré. Tìmùtìmù olówùú ńlá kan wà níbẹ̀, ó gba ilẹ̀ ahéré tán, adìyẹ ti ń yé sórí rẹ̀. Ó ní òun ti fi owó náà rà á sílẹ̀ kí ọmọ òun má baà sọ pé òun mú ẹní oko wá sí Abẹ́òkúta. Inú mi bà jẹ́, síbẹ̀ ẹ̀rín ń gbọ̀n mí. Kí ni mo fẹ́ fi tìmùtìmù ṣe?

Èkejì, Àṣàkẹ́: bí o bá lọ wo ilé, wọlé. Wo ẹ̀yìn kí o tó wo iwájú. Bi gbogbo ẹni tó ń sùn níbẹ̀ léèrè orúkọ. Ilé àwọn ará wa, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ló máa ń wà. Ẹni tí ẹ jọ ń dúnàádúrà lè jẹ́ àbúrò ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Kí ìwé rẹ sì sọ ọ́ kedere pé bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá kọ̀, àsansílẹ̀ rẹ yóò padà sọ́wọ́ rẹ. Ìwé tèmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn tí lọ́yà pọ̀ sí, má ṣe lo akọ̀wé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo gbé ọ, mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Rámọ́tà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, mo wá bẹ̀ yín ni. Mo ta yàrá yín láìmọ̀ yín." Wọ́n ní, "Bí o bá fẹ́ bẹ̀ mí, ẹ̀gúsí nìyí." Mo jókòó, mo ń bó ẹ̀gúsí. Ìwọ sùn lọ sórí ẹní wọn. Mo tún lọ lọ́jọ́ kejì, mo tún lọ lẹ́yìn ìyẹn, nítorí ara tù mí lọ́dọ̀ wọn, ó sàn ju kí n jókòó máa gbọ́ òòlù bàbá rẹ. Wọ́n ń sọ ìtàn ìgbà èwe wọn fún mi, wọ́n ń sọ ti Rámọ́tà ọmọ wọn tó lọ́kọ sí Ìsẹ́yìn, bí ilé náà ṣe kún nígbà kan tí wọ́n ń fi àwo ńlá gbé oúnjẹ fáwọn ọmọ.

Mo wá ní ìgboyà, mo béèrè. "Màmá, bí Bàbá bá lọ sí Abẹ́òkúta, ṣé ẹ̀yin náà á tẹ̀ lé wọn?"

"Kí n lọ ṣe kí ni níbẹ̀? Ibi yìí ni ẹgbẹ́ mi wà, ibi yìí ni mo ti ń gbọ́ ìpè àdúrà."

"Ṣé ẹ óò wá dá wà nínú gbogbo ilé yìí?"

Wọ́n bó ẹ̀gúsí méjì sínú igbá. Wọ́n ní, "Ìyá Fọlákẹ́, ta ló sọ fún ọ pé mo ní kí àbúrò mi má ta ilé? Mi ò ní kí ó má tà á. Mo ní kí wọ́n bi mí ni."

Ọmọ mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da ẹ̀gúsí nù. Gbogbo ìgbà tí a ti ń páyà, ohun tí ìyá náà fẹ́ kò ju kí á bi í lọ. Bí n bá ní kí n fún ọ ní ìmọ̀ràn kan péré kí n sì fi ìwé yìí síbí, òun ni: bi wọ́n. Má ṣe rò ó fún wọn. Má ṣe rán ẹlòmíràn. Lọ jókòó, bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́, kí o sì dúró gbọ́ èsì.

Mo bá sáré lọ sílé Tíṣà. Ó wà ní ilé ìwé, ìyàwó rẹ̀ ni mo bá, ọmọ kan lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́wọ́, méjì ń jà sí abọ́. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un bó ṣe rí. Mo ní, "Màmá kan wà nínú ilé náà, kò sì ní í kúrò. Bí ẹ bá rà á, ẹ ó jọ máa gbé ni. Ẹ wá wò ó, bí kò bá wù yín, ẹ má rà á."

Ó wò mí bí ẹni tí mo gbé omi tútù fún. "Ìyá àgbà kan? Nínú ilé? Tó ń jókòó sílé lójoojúmọ́?"

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, kí a tó kí ara wa tán, Táyé kékeré ti kó ọwọ́ méjèèjì bọ inú igbá ẹ̀gúsí, ó dà á sílẹ̀ pátá. Ìyá ìbejì kígbe. Àwa tí à ń tún ọ̀rọ̀ ṣe, ó ti tún bà jẹ́! Ṣùgbọ́n Ìyá Rámọ́tà na ọwọ́, wọ́n gbé ọmọ náà sórí itan.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Táyé ni, Màmá."

"Èyí tó wà lọ́hùn-ún yẹn ńkọ́?"

"Òun náà, Táyé ni."

Ìyá Rámọ́tà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. "Ta ló ń bá ọ gbé gbogbo èyí?"

"Kò sẹ́nì kan, Màmá," ni ìyàwó Tíṣà wí, omijé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú òun náà.

"Ọ̀la lo ó ti kó wọn wá," ni Ìyá Rámọ́tà wí. "Ẹ ra ilé o, ẹ ò rà á o, kó wọn wá. Èmi kò lẹ́sẹ̀ tí mo fi ń rìn káàkiri mọ́, mo lápá tí mo fi ń gbé ọmọ."

Ó ku ẹbí. Wọ́n pe ìpàdé lábẹ́ igi iwájú ilé. Bàbá Ràfíù wá láti oko, kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ìyá Rámọ́tà ní, "Dìde, má fi ilẹ̀ ba ẹ̀wù jẹ́. Tèmi ńkọ́ nínú owó náà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ óò ṣì máa gbé ibẹ̀?"

"Gbígbé ni mo ń gbé. Owó ni mo béèrè."

Gbogbo agbo rẹ́rìn-ín. Ẹbí sì pín in fún Màmá bó ti tọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tuntun pé yàrá ẹ̀yìn àti ibi tí wọ́n ń sá ẹ̀gúsí sí, ti Ìyá Rámọ́tà ni títí ọjọ́ ayé wọn, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ yẹ̀ wọ́n níbẹ̀. Nítorí èyí, Bàbá Ràfíù yọ díẹ̀ kúrò nínú iye tó dá fún mi, èmi náà sì yọ bẹ́ẹ̀ fún Tíṣà.

Ìgbà náà ni baálé agbo ilé wọn kọjú sí mi. Etí rẹ̀ ti ń di, a kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ fún un.

"Ìwọ obìnrin yìí, kí ni tìrẹ nínú rẹ̀?"

"Mo ní èrè díẹ̀ níbẹ̀, Bàbá," ni mo fi ohùn tín-ín-rín wí.

"Kí ló wí?"

"Mo ní mo ń jèrè, Bàbá!"

"Ó ń jẹ kí ni?"

"Èrè, Bàbá! Èrè!" Gbogbo ọ̀nà Ìdèrè gbọ́ mi. Mo tún pariwo iye rẹ̀ gan-an, nítorí ó ní kí n tún un sọ. Ojú tì mí bí ẹni tí ìró bọ́ nídìí rẹ̀ lọ́jà.

Baálé wo Tíṣà. "Ṣé ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Ó ti sọ ọ́ fún mi láàárọ̀."

Ó wo Bàbá Ràfíù. "Ìwọ ńkọ́?"

"Ó sọ fún mi. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, páànù nìkan ni ǹ bá tà."

Baálé mi orí. "Kò burú. Èrè tí wọ́n bá fi pamọ́, olè ni. Èyí tí wọ́n bá pariwo lójú agbo báyìí, owó iṣẹ́ ni. Ọlọ́run á bù sí i."

Láti ọjọ́ yẹn, n kò jẹ́ kí àárín olùtà àti olùrà ṣókùnkùn mọ́. Ẹ̀kẹta nìyẹn, bí o bá ń kà á. Sọ fún olùtà pé o máa jèrè. Sọ fún olùrà pé o ń jèrè. Ẹni tó bá bínú nítorí rẹ̀, jẹ́ kó lọ wá tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá bínú yóò tún mú ẹlòmíràn wá bá ọ, bí Tíṣà ṣe mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Láńlátẹ̀ wá bá mi.

Àwọn Tíṣà kó wọlé. Bí Ìyá Rámọ́tà bá pe Táyé, méjì á dáhùn. Bí wọ́n bá pe Kẹ́yìndé, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wá, nítorí wọ́n mọ̀ pé nǹkan jíjẹ ni. Bàbá Ràfíù gbé tìmùtìmù rẹ̀ lórí mọ́tò lọ sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí Iléyá dé, ó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní fún un ní pálọ̀ tó ti jẹ́ tirẹ̀. Lówùúrọ̀, orin àwọn ọmọ Tíṣà ló jí i. Ó sọ fún mi nígbà tó yà ní ṣọ́ọ̀bù pé, "Ìyàwó, mi ò mọ̀ pé ilé mi lè dùn tó báyìí." Inú mi dùn ju ìgbà tí mo gba èrè mi lọ. Mo sì ra ìṣó fún bàbá rẹ, ìṣó tuntun, àpótí gbáko.

Má rò pé gbogbo rẹ̀ ló dára bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀rẹ́ Tíṣà tí mo sọ yẹn ń wá ilẹ̀ ní Láńlátẹ̀. Mo rí ilẹ̀ kan nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó tẹ́ bí ẹní, kò ní òkúta, gbogbo ẹbí fọwọ́ sí i. Mo ti gbọ́n! Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, a lọ wò ó pẹ̀lú olùrà. Ọ̀pọ̀lọ́ ló kí wa káàbọ̀. Àwọn ọmọdé ń fi apẹ̀rẹ̀ kó ẹja kéékèèké níbi tó yẹ kí pálọ̀ wà. Àwa méjèèjì wo ara wa, a padà sínú mọ́tò. Wò ó nígbà òjò, ọmọ mi. Bí kò bá sí òjò, bi àwọn tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó kù, mo kàn ń kọ wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ̀ sí mi lọ́kàn. Má ṣe fi owó oúnjẹ san àsansílẹ̀. Àsansílẹ̀, kí ó jẹ́ owó tí bó bá sọnù, ẹ óò ṣì jẹun, ẹ óò ṣì rẹ́rìn-ín. Sọ fún ọkọ rẹ kí o tó san án. Má ṣe bíi tèmi tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀rọ̀ wọ́ ni mo tó sọ. Mo mọ̀ pé ọkọ rẹ á gbọ́, ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Má ṣe torí ìnira ẹni tó ń tà dín owó rẹ̀ kù. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn tó fẹ́ ta ilé lọ́sàn-án yìí, bá a wá ọ̀nà mìíràn ná kí o tó bá a tà á. Èrè tó bá ti inú ẹkún ẹlòmíràn jáde kì í pẹ́ lọ́wọ́. Má sì ṣe jẹ́ kí ìlú ńlá tàn ọ́ pé èèyàn ibẹ̀ yàtọ̀. Àwọn náà ní ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní àbúrò, wọ́n ní ẹni tí ẹnu ń dì lọ́dọ̀ rẹ̀. Sùúrù ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ní sùúrù yóò fún wàrà kìnnìún mu.

Jẹun dáadáa. Mo mọ̀ ọ́, bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, o kì í jẹun.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, bàbá rẹ ló rán mi, ó sì dúró lẹ́yìn mi báyìí kó lè rí i pé mo kọ ọ́. Ó ní òun ti kan òrùlé fún gbogbo ayé, egungun òun sì ti ń sọ̀rọ̀, ó tó àsìkò kí òun kan tiwa sí ibi tí a ó ti máa rí àwọn ọmọ-ọmọ wa. A fẹ́ ilẹ̀ kékeré kan n'Íbàdàn, tí kò jìnnà sí yín, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á gba ebè ẹ̀gẹ́ díẹ̀. Owó rẹ̀ wà nílẹ̀, a kò tu ú jọ mọ́. Ìwọ la fẹ́ kí o bá wa wá a. Má ṣe wá a lófẹ̀ẹ́ o! Sọ èrè rẹ fún wa, kí o sọ ọ́ sókè. Bí o bá ní nítorí pé òbí rẹ ni wá ìwọ kò ní í gba nǹkan kan, a ó lọ bá alágbàtà mìíràn, bàbá rẹ sì ti búra.

Ọlọ́run yóò fi ilé rere hàn ọ́, yóò sì mú èèyàn rere pàdé rẹ níbẹ̀.

Èmi ni oníbàárà rẹ àkọ́kọ́,

Ìyá rẹ.